Ẹsẹ̀ Tó Ń Wú Nírọ̀lẹ́

Bí ẹ bá dé ibùdókọ̀ Òṣòdì ní Èkó ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ má wo ojú èèyàn, ẹsẹ̀ wọn ni kí ẹ wò. Ẹ ó rí obìnrin tó ti bọ́ sálúbàtà sọ́wọ́, tí okùn bàtà náà ti fa ilà jíjìn sí òkè ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí ọlọ́dẹ tó ti tú okùn bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó délé. Ẹ ó rí kọ̀ndọ́ tó gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹnu ọ̀nà dánfó, tó ń fi èkejì dúró, tó sì tún ń pààrọ̀ wọn. Bí ẹ bá bi wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á sọ: "Ẹsẹ̀ mi wúwo." Bí wọ́n bá sùn tí ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ sílẹ̀. Àmọ́ bó bá pẹ́, ilẹ̀ á mọ́, ẹsẹ̀ á sì wà bó ṣe wà lálẹ́ àná. Ìgbà náà ni aládùúgbò máa ń wá béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ló ń fa omi ẹsẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ibo ni omi náà ti wá? Ẹsẹ̀ wíwú kì í ṣe orúkọ àìsàn, àmì ni. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Omi tó wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó dúró sídìí ọjà látàárọ̀ lè má ní nǹkan ṣe pẹ̀lú omi tó wà lẹ́sẹ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí a bá fojú lásán wò wọ́n, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ, bó ṣe ń bọ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsọlọ̀ ládùúgbò wa ló gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, tí wọ́n sì gbé táǹkì sókè. Omi tó ń ti táǹkì bọ̀ wálẹ̀ kò ní wàhálà. Èyí tó ń ti inú ilẹ̀ gòkè ló nílò ẹ̀rọ tó máa tì í, ó sì nílò fáàfù tí kò ní jẹ́ kó ṣàn padà sísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Bí ti ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ sí ẹsẹ̀ gba inú iṣan àlọ. Ìrìn àbọ̀ ló le, nítorí pé òkè ni ẹ̀jẹ̀ ń gùn láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé àyà.

Ohun méjì ló ń ràn án lọ́wọ́. Èkíní ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú iṣan àbọ̀, tó jẹ́ pé òkè nìkan ni wọ́n ń ṣí sí. Ní ọdún 1603 ni Fabricius, olùkọ́ ìṣègùn ní ìlú Padua ní Ítálì, tẹ ìwé tó ya àwòrán àwọn ilẹ̀kùn yìí jáde. William Harvey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló wá fi ìwé tirẹ̀ hàn ní 1628 pé yíyípo ni ẹ̀jẹ̀ ń yí po ara. Èkejì ni ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, ẹran yìí á fún iṣan àbọ̀ pọ̀, á sì ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sókè. Bó bá dẹwọ́, àwọn ilẹ̀kùn yẹn á pa dé, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní padà.

Ẹ wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ti tó. Bí àgbàlagbà bá dúró gbagidi lójú kan, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ iṣan àbọ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 90, bí a bá fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọ̀n ọ́n. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láàárín ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìdúró lójú kan ló ń ba ẹsẹ̀ jẹ́, ìrìn kọ́. Ẹni tó ń kiri omi láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè rẹ̀ tẹnutẹnu, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má wú tó ti ẹni tó jókòó sídìí igbá aṣọ ní ọjà Áswání láti àárọ̀ Túsìdeè tí ọjà náà ń kún, tí kò dìde títí oníbàárà ìkẹyìn fi lọ. Télọ̀ tó ń tẹ máṣíìnì iná, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì, awakọ̀ tí gòsìlóò há mọ́ títì Apapa sí Òṣòdì, inú ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà.

Bí agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ iṣan yẹn kò bá dín kù, apá tó jẹ́ omi nínú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde gba ara àwọn iṣan tín-ín-rín bọ́ sínú ẹran ẹsẹ̀. Ohun tó ń wú nìyẹn. Bó bá di ọlọ́dún, àwọn ilẹ̀kùn inú iṣan lè bàjẹ́. Iṣan á yọ síta, á lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Awọ ara tó yí ọrùn ẹsẹ̀ ká á ṣókùnkùn, á máa yúnni, á le. Níkẹyìn, egbò kékeré kan lè là sí òkè ọrùn ẹsẹ̀ lápá inú, kó sì di adáàjinná. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ fi àtàǹpàkò wò ó

Kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun, ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iwájú ojúgun, níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí òkè ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó dunni, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ títí ẹ fi ka ení dé ẹẹ́wàá. Bí ẹ bá gbé ìka kúrò tí ojú ibẹ̀ sì jìn, tí kò tètè kún padà, omi wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ẹsẹ̀ kan ni àbí méjèèjì? Ṣé òjijì ni àbí díẹ̀díẹ̀? Kí ló tún ń ṣe ara yàtọ̀ sí ẹsẹ̀?

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó wú lójijì láàárín ọjọ́ kan sí mélòó kan, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun tàbí ní itan, tó sì gbóná, ẹ fura sí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan. Ó máa ń ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ti pẹ́ lórí ibùsùn, aláboyún àti abiyamọ, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, àti ẹni tó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde pé ìrìn àjò tó bá tó wákàtí mẹ́rin tí èèyàn jókòó lójú kan lè sọ ewu yìí di ìlọ́po méjì, ì báà jẹ́ bàálù, bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè. Ewu náà ṣì kéré, nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já, kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lójijì, tí àyà ń dùn ún, tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí tàbí àdí wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹsẹ̀ kan bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí nǹkan ha á lára tàbí tí àárín ọmọ ìka là, kòkòrò ló wọlé, oògùn tí dókítà bá kọ ló ń pa á. Èyí tó ń wú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí awọ rẹ̀ ń nípọn, tó ń ṣe kókó-kókó, lè jẹ́ jàbùtẹ́. Ẹ̀fọn ló ń gbé aràn tín-ín-rín tó ń fà á kiri, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Àwọn ará Tógò, tí kò jìnnà sí wa ní ìwọ̀ oòrùn, gbógun tì í nípa fífún gbogbo ìlú ní oògùn aràn lọ́dọọdún. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé wọ́n ti lé e kúrò, wọ́n sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó ṣì wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti ní in, kó máa fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, kó nu àárín ọmọ ìka gbẹ, nítorí pé ojú egbò kékeré ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé tó fi ń wú sí i.

Bó bá jẹ́ méjèèjì

Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú nírọ̀lẹ́, tó sì lọ sílẹ̀ láàárọ̀, lára ẹni tí kò sí ohun mìíràn tó ń ṣe é, sábà máa ń jẹ́ ti ìdúró, ti ìjókòó, ti ara tó sanra, tàbí ti ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ìyókù ara.

Bí ẹni náà kò bá lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́ àyàfi kó to ìrọ̀rí, tí ìmí ń ta á jí lóru, tí àtẹ̀gùn kúkurú ń mú un mí hẹlẹ, ọkàn ni kí ẹ fura sí. Ọkàn tó ti rẹ̀ kò lè gba gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ wálé, èyí tó bá ṣẹ́ kù á wá sé sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà Federal Medical Centre ní Abẹ́òkúta ṣàkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tí ọkàn wọn ń rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò wò lónìí lè di ẹsẹ̀ wíwú lẹ́yìn ọ̀la. Àárẹ̀ ọkàn yìí tún ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin kan láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, kí wọ́n sì máa sọ pé iṣẹ́ ọmọ ló rẹ̀ wọ́n.

Bí ojú bá wú láàárọ̀, tí ìtọ̀ ń hó, kíndìnrín ni ẹ fi sọ́kàn. Bí ikùn bá ń wú tí ojú sì pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, ẹ̀dọ̀ ni. Fún aláboyún, ọrùn ẹsẹ̀ tó wú díẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí ojú àti ọwọ́ wú lójijì, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tó ń dùn ún lókè ikùn, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni, ó sì lè já sí gìrì. Ẹ má gbé e lọ sílé àdúrà kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Oògùn pàápàá máa ń wú ẹsẹ̀. Amlodipine, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà àdúgbò wa ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, lè fa wíwú ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ dá a dúró fúnra yín o, dókítà ló máa dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń jẹ fún ẹ̀yìn ríro ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára. Prednisolone ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè wà nínú àdàlù oògùn làkúrègbé tí kò ní orúkọ lára.

Nígbà tí wàhálà bá wà ní iṣan àlọ

Ẹsẹ̀ tó ń wú ni mo ti ń sọ bọ̀. Iṣan àlọ náà lè dí, pàápàá lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ lè má wú rárá. Ohun tí yóò sọ fún yín ni pé bí òun bá ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní Òṣòdì ní 2019, bí òun bá ti dé ibì kan báyìí, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á dì, á máa dùn. Bí òun bá dúró díẹ̀, á lọ. Bí òun bá tún rìn dé ìwọ̀n kan náà, á tún dé. Ọmọ ìka rẹ̀ á tutù, irun ojúgun á re, egbò kékeré kò ní jinná. Ẹ fi ìka méjì kan òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ní ìlà tó wà láàárín ọmọ ìka ńlá àti èkejì. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ iṣan tó ń lù kìkì. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ìyẹn nìkan kò tó láti dájọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti lọ rí dókítà. Dókítà á wọn agbára ẹ̀jẹ̀ ní apá àti ní ọrùn ẹsẹ̀. Bó bá fi ti apá pín ti ẹsẹ̀, tí èsì rẹ̀ kò sì tó 0.9, iṣan àlọ ti ń dí.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹsẹ̀ tí àbọ̀ rẹ̀ kò já gaara ń fẹ́ kí a gbé e sókè, kí a sì fi ìbọ̀sẹ̀ lílekoko fún un. Ẹsẹ̀ tí àlọ rẹ̀ ti dí ń fẹ́ kí a sọ ọ́ kalẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ lílekoko sì lè pa ẹran rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ra ìbọ̀sẹ̀ yẹn lọ́wọ́ èèyàn lójú títì láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ iṣan rẹ̀ wò.

Ohun tí ẹ lè máa ṣe

Fún ẹsẹ̀ tí ìdúró àti ìjókòó wú, iṣẹ́ pọ̀ tí ẹ lè ṣe láìnáwó. Bí ẹ bá wà nídìí ọjà, ẹ di tábìlì mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè kí ẹ fi ọmọ ìka dúró, kí ẹ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é bí ogún ìgbà, kí ẹ sì tún un ṣe ní wákàtí-wákàtí. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè máa fi gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka tẹ ilẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ dìde ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, kódà kó jẹ́ láti kí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Bí ẹ bá délé, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ títí yóò fi ga ju àyà lọ fún bí ìṣẹ́jú 20. Àpótí kékeré tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé lórí ìjókòó dára, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí pé ẹsẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ ọkàn.

Ẹ dín iyọ̀ kù, torí ibi tí iyọ̀ bá wà ni omi ń dúró sí. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tí kò kún rékọjá, pẹ̀lú èyí tó wà nínú magí, nínú indomí, nínú búrẹ́dì àti nínú irú oníyọ̀. Ẹni tó ń fọ́ magí mẹ́rin sínú ọbẹ̀ kó tó bu iyọ̀ sí i lè tètè kọjá ààlà. Ẹ fi òróró pa ẹsẹ̀ kó má gbẹ kó là. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé egbò ibẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jinná.

Ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe náà wà. Lasix tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ń fa omi jáde lóòótọ́, ó sì wúlò fún ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n omi tó wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó dúró látàárọ̀ kì í ṣe àpọ̀jù omi ara. Bí ẹ bá ń fi oògùn tọ̀ ọ́ jáde, ẹ̀ ń gbẹ ara, ẹ sì ń yọ èròjà tí ọkàn fi ń lù déédéé. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, torí ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri kì í mọ̀ pé òun ń jóná.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé nǹkan tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tẹ̀. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ẹ gbàdúrà bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ tó wú. Awọ tó ti nà tán kì í tètè jinná, ojú abẹ kéékèèké yẹn sì ni kòkòrò ń bá wọlé. Ẹsẹ̀ tó bá wá fún omi lè di ẹsẹ̀ tó ń rà.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n sì wo ṣúgà. Ohun tó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀, ibẹ̀ sì lè darí yín sí ọsibítù ńlá ní Ìdí-Àràbà tàbí Ìkẹjà. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò Ìlera Èkó, kó mú káàdì rẹ̀ dání.

Nítorí náà, ẹ̀yin aládùúgbò mi, bí ẹsẹ̀ bá wú, ẹ má kọ́kọ́ béèrè oògùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kà á bóyá ọ̀kan ni àbí méjì, ẹ fetí sí bí ìmí ṣe ń lọ. Ti ìdúró, ẹ rìn, ẹ gbé e sókè, ẹ dín iyọ̀ kù. Èyí tó bá dé lójijì lẹ́sẹ̀ kan, èyí tó bá bá ìmí gúlegúle rìn, àti èyí tó bá wà lára aláboyún tí orí ń fọ́, ọsibítù ni kó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.